Fáànù Mẹ́ta Tí Abdulmajeed Rà

Abdulmajeed gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Rodiat ní Àgọ́ Palace, kò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀ tán tó ti ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Bí o bá fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan, á ti dá ọ lóhùn kí o tó parí ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ló ń ṣe nínú yàrá kan ní Jakande, Ìsọlọ̀: wákà, wáàsí, ìpolówó ọjà. Fáànù inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, ariwo rẹ̀ sì ń bá ohùn àwọn oníbàárà wọlé.

Rodiat ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà tí Abdulmajeed ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó gbé fáànù dúdú ńlá méjì síwájú rẹ̀.

"Méjì yìí tó ẹ. Abẹ̀bẹ̀ wọn fẹ̀, wọn ò nílò eré kí wọ́n tó fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀. O ò ní gbọ́ ariwo wọn rárá."

Ojú Abdulmajeed ti wà lára àwọn kéékèèké kan nínú gíláàsì, tí iná pupa àti búlúù ń tàn lára wọn. "Àwọn yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn kéré. Àfi kó máa sáré burúkú, eré yẹn ló sì máa ń pariwo."

"Iná yẹn á wu àwọn oníbàárà mi, Àǹtí. Ẹ fún mi ní mẹ́ta."

"Ó dáa, jẹ́ kí n bá ẹ dè é. Ọfà kan wà lára ẹ̀ tó ń júwe ibi tí atẹ́gùn ń lọ. Ti iwájú á fa tútù wọlé, ti ẹ̀yìn á lé gbígbóná..."

"Jáde kẹ̀? Àǹtí, tí ooru bá ń mú yín nílé, ṣé ìta lẹ máa ń kọjú fáànù sí?"

Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Rodiat náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tún na ìka sí ọfà náà, ṣùgbọ́n Abdulmajeed ti ń kó fáànù sínú ọ̀rá.

Nígbà tó délé, ó kọjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú. Iná wọn dùn ún wò. Wọ́n sì ń pariwo.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìsíátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Roqeebah, tó ń ta bàtà ní Ọ̀ṣọ́dì, mú ìyá rẹ̀ wá. Àlàájà Memunat ti lé lọ́gọ́rin ọdún, Ìsẹ́yìn ló ti wá. Òun nìkan ló kù nínú ẹbí tó mọ oríkì wọn délẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kó kì í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ.

"Kí ló ń kùn báyìí?" ni Àlàájà bi í.

"Fáànù ni, Màmá."

Abdulmajeed ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó yọ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàrá dákẹ́. Ìyá àgbà ki oríkì fún wákàtí kan. Ó ń sinmi, ó ń mu omi, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi parí, ara kọ̀ǹpútà ti gbóná bí ìdérí ìkòkò.

"Fi sórí fóònù mi kí n tó lọ," ni Ìyá Roqeebah wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kò tíì dùn létí. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe ná."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń tún un ṣe. Ó ti dá wáyà padà, ṣùgbọ́n fáànù mẹ́ta ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé, kò sí ọ̀kan tó ń lé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tàn án padà, kò sì pe Rodiat. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kàn ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, kò ṣí mọ́.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n pè láti Ìsẹ́yìn pé Àlàájà ti papòdà.

Abdulmajeed sáré gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Rodiat. Rodiat tàn án, ó já bébà ìnujú pẹ́ńpẹ́, ó fi í sí ẹ̀yìn, níbi tó yẹ kí ooru máa gbà jáde. Fáànù fa bébà náà mọ́ra.

"Gbogbo ẹ̀ lò ń fẹ́ wọlé. Ibo lo fẹ́ kí ooru gbà jáde?"

Ó gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó pè é padà.

"Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ti bàjẹ́. Mo ti gbìyànjú. Mo fi han ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, òun náà gbìyànjú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Roqeebah, tó ti gbọ́, dé sí Jakande.

"Tàn án kí n rí i."

Ó tàn án. Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀.

"Bóyá tó bá tutù."

"Ó ti tutù, mà. Láti àná."

Obìnrin náà kọjú sí i. "Majeed, ìwọ lo jókòó tì í. Ìwọ lo fi nǹkan sétí. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ oríkì náà. Níbi tí ìyá mi ti dé ọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀, kí ló wí?"

Abdulmajeed la ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀ náà títí, kò rí ẹyọ kan. Lọ́jọ́ yẹn, ariwo ló ń dẹtí sí, bóyá ó ṣì kù lẹ́yìn ohùn ìyá àgbà. Kò gbọ́ ohun tí ohùn náà ń sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ìyá Roqeebah tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe tìtorí pé nǹkan ń tàn yòò rà á. Iṣẹ́ tó máa ṣe ni kí a wò. Kí a jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kódà bí ó bá jọ pé àwa ló lóye jù. Bí ohun tí kò ní èkejì bá sì wà lọ́wọ́ wa, kí a kọ́kọ́ fún ẹni tó ni ín bó ṣe wà, kí a tó máa ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Abdulmajeed ti ra fáànù dúdú ńlá méjì báyìí, ọ̀kan ń fà wọlé, ọ̀kan ń lé jáde. Ènìyàn kì í gbọ́ wọn rárá. Ṣùgbọ́n wọn kò lè dá oríkì ìyá yẹn padà.