Ọ̀rá Inú Àwo Róbótó

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Ìyá Róbótó kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ náà. Omi ẹ̀rọ kì í yọ nílé wọn títí di aago mẹ́jọ, nítorí náà garawa omi kan ni wọ́n ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì di ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn bá lò ó tán. Òun ló máa ń kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, nínú òkùnkùn kí ilẹ̀ tó mọ́, torí iṣẹ́. Róbótó, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, á tẹ̀ lé e. Màmá àgbà, ìyá tó bí Ìyá Róbótó, ní póò tirẹ̀ ní yàrá nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ yẹn, bí Ìyá Róbótó ṣe gbé garawa sókè, ó rí ohun tó pupa fòò nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀.

"Róbótó, ṣé inú ń run ọ́?"

"Ó ń run mí díẹ̀," ni ọmọ náà wí. Ojú rẹ̀ wà lára búrẹ́dì orí tábìlì.

Ìyá Róbótó da omi sí i.

Ó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé nílé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń sin eku. Wọ́n á já ọmọ eku lẹ́nu ọmú, wọ́n á fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì dá a padà sí oúnjẹ gidi. Òun ló ń la ikùn wọn nígbà tí wọ́n bá dàgbà, tó ń gé ìfun wọn wẹ́wẹ́, tó ń fi maikirosíkóòpù wò ó. Awọ inú ìfun náà á ti jẹrà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ṣe ni ara wọn ń dán.

Nígbà tó tibi iṣẹ́ dé, Màmá àgbà ń da ọ̀rá ẹran gbígbóná sórí ìrẹsì ọmọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá yìí ti pọ̀ jù."

"Èwo ló pọ̀ jù? Bí mo ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Ọ̀rá ni mo fi já ẹ lẹ́nu ọmú, gbogbo ìyá ọmọ àdúgbò ló sì ń bá mi du ẹ gbé." Ó yínmú. "Wo bó o ṣe wá gbẹ bí ọwọ̀. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ?"

"Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára ọmọ, Màmá!"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Màmá àgbà. Róbótó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó sì fa àwo rẹ̀ mọ́ra.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Róbótó ti ọ̀rá àti bọ́tà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀fọ́ àti èso ló kù fún ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Ìrònú ni, ó ní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé Màmá ń bọ́ ọmọ lẹ́yìn òun. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, ẹ̀yin lẹ pa á."

Màmá àgbà ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Róbótó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ tún wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ló gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó tẹ ikùn ọmọ, ó ní kí gbogbo ẹni tó ti ń jẹun nílé náà mú ìgbẹ́ wá fún àyẹ̀wò, bóyá kòkòrò ni. Ìyá Róbótó ránṣẹ́ sí Màmá. Màmá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀, kò kí i.

Ọjọ́ tí èsì máa jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Róbótó gun itan ìyá rẹ̀. Ó wúwo lórí itan náà débi pé Ìyá Róbótó fi ọwọ́ kan ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Màmá, mi ò bá yín jà," ó sọ lóhùn wẹ́lẹ́. "Mo ti rí ohun tí ọ̀rá ń ṣe ni."

"Torí mo fẹ́ràn ẹ ni mo ṣe fi ọ̀rá bọ́ ẹ," ni Màmá àgbà wí. "Mo fẹ́ràn òun náà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìwé mẹ́ta wà lọ́wọ́ dókítà.

"Ìyá Róbótó, ẹ gbé ọmọ fún Màmá," ni dókítà wí, "kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú tirẹ̀, kò sì sí nínú ti Màmá, inú tiyín nìkan ló wà, ẹ jẹ́ ká tètè wo inú ìfun yín lónìí."