Àyà Bàbá Ló Ń Mú Un Gbóná

Yìnyín ya lulẹ̀ látorí òkè, ó dí ọ̀nà Murghab mọ́ wa níwájú àti lẹ́yìn.

Tábúlẹ́ẹ̀tì Bàbá nìkan ló lè pe èèyàn wá gbà wá.

"Savsan, dín iná ojú ẹ̀ kù! Pa gbogbo nǹkan tó kù!"

"Bùọ̀dá Nazarsho, ó ti kú!"

"Àwọn tó tà á ní tó bá já látorí àpáta, á ṣì máa ṣiṣẹ́! Òtútù lásán ló wá mú un dákú? Gbé e sáyà Bàbá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe."

Mo rọra tì í sábẹ́ ẹ̀wù Bàbá, kí n má bàa jí wọn.

A dúró títí. Kò tàn.

Bùọ̀dá já a gbà, ó tì í sáyà ara rẹ̀.

Kò pẹ́, ó tàn!

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jí Bàbá!"

Bùọ̀dá ń wo àyà Bàbá, àyà tí kò lè mú nǹkan kan gbóná mọ́.