Kókó Mẹ́ta Lábẹ́ Jíìpù

Mẹkáníìkì náà wà lábẹ́ jíìpù àtijọ́ kan ní Kofar Kware nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan páìpù afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sókè. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi dì í, wọ́n sì ta á ní kókó mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ nìkan ló máa ń ta á bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Sokoto. Jíìpù Alàájì Jàfárù nìyí, ẹni tó gbéra lọ sí Ìlọrin lóṣù tó kọjá tí kò débẹ̀ títí dòní.

"Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín?" ló bi oníbàárà tó gbé ọkọ̀ náà wá.

"Ọdún mẹ́wàá," ni oníbàárà náà fèsì. "Baba, rọ́bà afẹ́fẹ́ tó lágbára jù ni kẹ́ ẹ fi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè o. Ẹrù wa wúwo."

"To, mo ti gbọ́."

Ó gbé rọ́bà tuntun, ó dá a padà. Èyí tó ti sán nínú ló dè mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà kò ní kọjá ọ̀dọ̀ àwọn sójà tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jókòó.

Nígbà tó parí, oníbàárà ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un.

"Ẹ wọlé, Baba. Àárín oko la máa gbà, a ò ní gba títì. Jàfárù tó wà lọ́wọ́ wa ní bí ọkọ̀ yìí bá jókòó lọ́nà, ẹ̀yin nìkan lẹ lè tún un ṣe."