Fọ́tò Àpá Olóríkunkun

"Kúrò nínú gúrúùpù yẹn! Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń gbá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ gbà-gbà-gbà.

Olóríkunkun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nínú gúrúùpù Wásáàpù àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Kì í fi ohùn ránṣẹ́, ó kàn máa ń kọ̀wé ni.

Òní ló kàn án láti fi àpá iṣẹ́ abẹ ẹ̀ hàn, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe.

"Tí wọ́n bá rí ẹ, wọ́n á lé ẹ dànù!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àyà yín ni wọ́n gé ni?"

Ó bọ́ṣọ. Ó ya fọ́tò. Ó fi ránṣẹ́.



Ìyá Àgbà tó dá gúrúùpù náà sílẹ̀ ló kọ́kọ́ fèsì:

"Ọkọ mi, gbé irùngbọ̀n ẹ sókè díẹ̀, ká lè rí àpá yẹn dáadáa."