Kòkòrò Tí Kì Í Dun Ìyá

Ìyá ọkọ aboyún kan já igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé òwú mọ́ lórí gbà mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nílé ìgbẹ̀bí kan n'Ífọ̀. "Ẹ ò ní ki nǹkan yìí bọ abẹ́ ìyàwó ọmọ mi!"

"Àyẹ̀wò ni, Màmá. Kòkòrò kan wà tí kì í dun ìyá, àmọ́ tó ń pa ọmọ tuntun."

"Irọ́! Àbíkú ni àkọ́bí rẹ̀. Mo ti fi àmì sí òkú ẹ̀ lára. Kò ní padà wá."

Aboyún náà dìde. "Ẹ fún wọn, Màmá. Mo fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ mi."

"Aláìmoore! Tí wọ́n bá wá rí kòkòrò ńkọ́?"

"A ó gún ìyá lábẹ́rẹ́ nígbà ìrọbí, kí kòkòrò náà má baà ran ọmọ," nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Èmi ńkọ́?" ni ìyá ọkọ bi í. "Kí ni ọmọ yẹn ṣe tí mo fi gé ìka rẹ̀?"