Kòkó Màmá àti Oorun Ọ̀sán

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú gan-an lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ sùn. Kò ní sá lọ.

1. "Ọ̀sán ni ti ìjọba, òru ni tèmi! Oorun kò lè fi mí ṣe nǹkan kan."

Ohun tí Tíṣà Olúkáyọ̀dé máa ń sọ nìyẹn. Láti Òkè-Ìmẹ̀sí ló ti ń gun ọ̀kadà lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Ìjerò. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, ìwé àwọn ọmọ ní kó wá máàkì òun, jẹnẹrétọ̀ ní kó wá wo òun. Ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn ló tó ń ráyè ara rẹ̀. Ni yóò bá gbé fóònù, yóò máa wo fíìmù títí àkùkọ yóò fi kọ.

"Dádì Ọlámijí, ẹ wá sùn," ni Lydia ìyàwó rẹ̀ máa ń wí.

"Ó ku díẹ̀."

Díẹ̀ náà kì í tán.

2. Ojú ìyá Tíṣà ti ń ṣú. Dókítà ní kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ. Kòkó tí ìyá sá sórí tapólì níta ni wọ́n fẹ́ tà fi ṣe é. Ní Sátidé kan, ìyá àti Lydia ń lọ síbi òkú ní Ìpótì.

"Káyọ̀dé, bójò bá ṣú, tètè ká tapólì wọlé o. Mọ́ sùn o!"

"Oorun kẹ̀? Èmi? Ẹ máa lọ, Màámi."

Fíìmù òru àná kò jẹ́ kó fojú kan oorun. Ó jókòó ní fàráńdà, ó ní òun kàn fẹ́ pajú dé ná. Òjò bọ́ láti orí òkè. Ariwo rẹ̀ lórí páànù kò jí Tíṣà. Ńṣe ló tún bá a mú oorun náà dùn sí i.

3. Nígbà tí wọ́n dé, àgbàrá ti kó lára kòkó lọ. Èyí tó kù ń lúwẹ̀ẹ́. Ìyá kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á.

"Káyọ̀dé, kí ló tutù báyìí?"

Tíṣà kúnlẹ̀, ó ń ṣa èyí tó kù jọ.

Kòkó bu. Ẹni tó fẹ́ rà á gbóòórùn rẹ̀, ó dà á padà sínú àpò. Iṣẹ́ abẹ di ọdún tó ń bọ̀. Ojú kò dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ní báyìí, bí ìyá bá fẹ́ jáde lóru, yóò lu ògiri láti jí ọmọ rẹ̀. Tíṣà yóò dìde, yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn yóò máa rọra lọ. Kò sọ ọ́ mọ́ pé òru ni tòun.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kì í jẹ́ ká ráyè ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: oorun tí ẹ bá jẹ ní gbèsè lóru, ọ̀sán ni yóò wá gbà á, kò sì ní bi yín léèrè ohun tí wọ́n ní kí ẹ máa ṣọ́. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé: ẹni tó bá fi òru wo fíìmù kò lè fi ọ̀sán ṣọ́ nǹkan.