Bí Adédàpọ̀ Ṣe Fi Owú Ti Ilẹ̀kùn Ẹgbẹ́ Olórin Tó Dá Sílẹ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín, pàápàá àwọn tó ń dá nǹkan pọ̀ ṣe. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ọláoyè ni wá, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá wa wá sí Kàdúná. Nínú ọmọ mẹ́rin tó bí, méjì jẹ́ mùsùlùmí, méjì jẹ́ onígbàgbọ́, a kò sì torí ẹ̀sìn jà rí. Owú ló wá bá wa jà.

1.
Ní ọdún 2016, Adédàpọ̀, ọmọ ọmọ bàbá wa, ra gìtá kan. Orin kọ́ńtírì ló fẹ́ràn, orin àwọn òyìnbó adaran-màlúù tí bàbá rẹ̀ máa ń gbọ́ nínú rédíò ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Ó pe Zubair ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti máa lu ìlù. Ó pe Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọbìnrin àbúrò bàbá rẹ̀, láti máa gbe orin. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà ní gìtá. Bàbá Alájì, àgbà ẹbí wa, fún wọn ní yàrá kan nínú ilé ẹbí ní àdúgbò Kamazou, ó sì ra ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún wọn. Wọ́n wá dé fìlà koríko tí àwọn Fúlàní darandaran ń dé. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àfìgbà tí wọ́n gbọ́ orin wọn.

2.
Lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ ṣeré ọjọ́ ìbí ní àdúgbò Ungwan Rimi. Ohùn Adédàpọ̀ ti há, ló bá ní kí Ayọ̀mípọ̀sí ṣíwájú. Ọmọ náà kọ orin kan tó ṣe fúnra rẹ̀ nípa bàbá àgbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan. Gbogbo ilé dìde dúró.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè wọ́n á sọ pé, "Ẹ mú ọmọbìnrin yẹn wá o." Ìyá kan tilẹ̀ sọ fún Adédàpọ̀ pé, "Ìwọ tí o máa ń bá a gbé gìtá, bá mi kí i."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá Dàpọ̀," ni Ayọ̀mípọ̀sí wí nínú mọ́tò. "Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ni."

"Ta ló ń bínú? Máa gbádùn ẹ lọ jàre, ìràwọ̀!"

Zubair bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Dàpọ̀! Ojú ẹ ti pọ́n bíi tàtàṣé."

Adédàpọ̀ kò rẹ́rìn-ín.

3.
Ní ọdún 2018, ọkùnrin kan pè wọ́n sí Àbújá láti wá gba orin wọn sílẹ̀, àwo àkọ́kọ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Rigasa. Ṣùgbọ́n ó sọ fún Adédàpọ̀ lórí fóònù pé, "Ọmọbìnrin yẹn ni kó kọ ọ́ o."

Adédàpọ̀ rò ó. Bí ẹbí bá dá ọmọ yìí dúró, ta ló kù tó máa kọ ọ́? Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú ìrìn àjò náà, a ń ṣe ìpàdé ẹbí. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Alájì, ó ní Ayọ̀mípọ̀sí ń kọrin nílé ọtí, pé àwọn ọkùnrin ń bu bíà fún un.

Irọ́ gbuu ni. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó gbàgbé pé ilé Yorùbá lòun wà.

4.
"Irọ́ ni, Bàbá!" Ayọ̀mípọ̀sí bú sẹ́kún. "N ò débẹ̀ rí!"

Bàbá Alájì na ọwọ́ sókè. "Dàpọ̀, ta ló mú un wọ ẹgbẹ́ olórin?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ni àgbà wọn níbẹ̀?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bu ọtí fún àbúrò rẹ?"

Bó bá ní òun kò sí níbẹ̀, báwo ló ṣe mọ̀? Bó bá ní irọ́ ni, ó ti purọ́ lójú àwọn àgbà.

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Ó dáa. Nílé wa, ẹni tó mú ọmọ jáde ló ń jíhìn ọmọ. Ẹ ti yàrá yẹn pa. Ẹ kó gbogbo irin iṣẹ́ wọn wá sọ́dọ̀ mi. Kò sí orin mọ́ fún èyíkéyìí nínú wọn."

"Bàbá, èmi ńkọ́? Sátidé yìí là ń lọ Àbújá!" ni Adédàpọ̀ pariwo.

"Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí."

Rélùwéè lọ lọ́jọ́ Sátidé, kò gbé ẹnì kankan nínú wọn. Ọkùnrin Àbújá mú ẹgbẹ́ mìíràn, kò sì gbé fóònù wọn mọ́.

5.
Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Zubair tó gbọ́ ohun tí Adédàpọ̀ sọ. Ó sáré wá bá Bàbá Alájì. "Wàláhì, Bàbá, a ò kọrin nílé ọtí rí. Kò sí ibi tí a lọ tí èmi ò sí."

Bàbá Alájì ránṣẹ́ pe Ayọ̀mípọ̀sí, ó bẹ̀ ẹ́, àgbà tó bẹ ọmọdé, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá àti irin iṣẹ́ wọn lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà àti Zubair wá àwọn mìíràn kún ara wọn. Odidi ọdún mẹ́ta ló gbà wọ́n kí ẹnì kan tó gba orin wọn sílẹ̀. Ní ti Adédàpọ̀, kò sí olórin tó fẹ́ bá a ṣe. Wọ́n ní ẹni tó lè purọ́ mọ́ ọmọ ẹbí rẹ̀, kí ni kò ní fi ojú àwọn rí?

Lọ́dún tó kọjá, ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó wọlé tọ̀ wọ́n níbi tí wọ́n ti ń dánrawò. Ayọ̀mípọ̀sí kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi."

Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Adédàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò gìtá. Ayọ̀mípọ̀sí rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má tú u, sà. Ẹ jókòó kí ẹ máa gbọ́ wa. Àlejò wa ni yín."

Ó jókòó. Nínú yàrá tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, ó gbọ́ orin tán, ó pàtẹ́wọ́, ó sì lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹni tí ẹ kọ́ níṣẹ́ bá ta yín yọ, ẹ̀yin náà lẹ yege. Ẹ má bà á lórúkọ jẹ́ nítorí pé ariwo tirẹ̀ ju tiyín lọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún irọ́ tí ẹ fẹ́ gbé dé iwájú àgbà: wọ́n lè gbà á gbọ́, kí ó sì jẹ́ pé orí yín ló máa já lé.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.